Iyọ̀ Màmá Mi àti Ìmọ̀ràn Gbogbo Ará Ifọ̀

Òtútù kọ́ ló kọ́kọ́ bí mi nínú nílùú Ọba. Dókítà ni.

Mo ti ń ṣiṣẹ́ fún oṣù díẹ̀ nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó nígbà náà. Orí ń fọ́ mi lójoojúmọ́, ẹ̀yìn ń ro mí, àyà mi a sì máa já nígbà míì láìsí ohun tó já a. Mo pe ilé ìwòsàn, wọ́n dá ọjọ́ fún mi. Mo dúró títí ọjọ́ fi pé, mo wọ aṣọ tó dáa jù nínú èyí tí mo kó wá, mo sì wọ bọ́ọ̀sì lọ. Dókítà náà, ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń rẹ́rìn-ín ṣáá, yẹ̀ mí wò dáadáa, ó bi mí bí mo ṣe ń sùn sí, ó bi mí ohun tí mò ń jẹ láàárọ̀. Mo ní tíì àti bisikíìtì ni. Ó ní kí n máa tètè sùn, kí n máa jẹun gidi kí n tó lọ síbi iṣẹ́, kí n máa mu omi. Tí kò bá lọ, kí n padà wá. Ó dìde, ó ṣílẹ̀kùn fún mi.

Mo ṣì jókòó. Mò ń retí ìyókù.

Ní Ifọ̀ tí mo ti wá, tí èèyàn bá lọ rí dókítà, ara rẹ̀ á mọ̀ pé òun lọ. Abẹ́rẹ́ á wọ ìdí, wọ́n á kó oògùn pupa àti funfun àti aláwọ̀ ewé sínú ọ̀rá fún un, á gbé e dání bọ̀ wálé, àwọn ará àdúgbò á sì rí i pé lóòótọ́ ni ara kò yá. Èmi wá délé lọ́wọ́ lásán. Mo pe Màmá mi lójú ẹsẹ̀.

"Màmi, dókítà ní kí n lọ sùn."

"Kí o lọ sùn báwo? Kò gún ẹ lábẹ́rẹ́?"

"Kò gún mi."

"Kò kọ oògùn fún ẹ? Kò ní kí o lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì?"

"Ó ní kí n máa jẹun láàárọ̀."

Màmá mi rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣé kì í ṣe torí pé èèyàn dúdú ni ẹ́?"

A bú obìnrin yẹn dáadáa lọ́jọ́ náà, èmi àti Màmá mi, títí inú wa méjèèjì fi rọ̀. Lẹ́yìn náà mo sùn, nítorí kò sí ohun mìíràn tí mo lè fi ọ̀rọ̀ náà ṣe. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í se ọ́ọ̀tì kí n tó jáde láàárọ̀. Kò pẹ́ tí orí fífọ́ náà fi lọ. Mi ò sọ fún Màmá mi. Kí ni mo fẹ́ sọ? Pé mo sùn, ó sì lọ?

Tí wọ́n bá bi mí bí ìlú òyìnbó ṣe rí, mo máa ń sọ pé ó dákẹ́. Èmi tí mo jẹ́ tíṣà ní Ifọ̀, tí mo máa ń kí èèyàn láti ẹnu ọ̀nà ilé wa títí dé géètì ilé-ìwé, tí ẹnu á ti rẹ̀ mí kí n tó dé kíláàsì, èmi náà ni mo wá ń gbé nínú ilé tí mi ò mọ orúkọ ẹni tó wà ní yàrá kejì. Tí n kò bá níṣẹ́ ní Sátidé àti Sọ́ńdè, ohùn mi lè má jáde rárá. Nígbà míì mo máa ń bá ìkòkò ọbẹ̀ sọ̀rọ̀ kí n lè mọ̀ pé ohùn mi ṣì wà níbẹ̀.

Ìpè àárọ̀ ló mú mi dúró. Kí n tó wọ iṣẹ́, màá pe Màmá mi. Ó ní ìsọ̀ kan níwájú ilé wa tó ti ń ta òwú, bọ́tìnnì àti síìpù fún àwọn télọ̀. Màá gbọ́ bó ṣe ń wọ́ ilẹ̀kùn irin ṣí, màá gbọ́ ọ̀kadà tó ń kọjá, màá gbọ́ Ìyá Sàlámì tí ìsọ̀ tirẹ̀ kọjú sí tiwa tó ń kí i láti òdìkejì títì. Fún ìṣẹ́jú díẹ̀, àdúgbò wa ni mo wà. Lẹ́yìn náà bọ́ọ̀sì mi á dé.

Ọdún kejì tí mo wà níbẹ̀ ni àbúrò mi Múfú, tó ń gbé ní Mowe, gbé Màmá wa lọ sílé ìwòsàn nítorí òòyì tó ń kọ́ ọ. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Dókítà fún un ní oògùn funfun kan, kékeré báyìí, ó ní kó máa lo ẹyọ kan láràárọ̀. Kó dín iyọ̀ àti mágí kù. Kó máa rìn díẹ̀ nírọ̀lẹ́, torí ó ti ń jókòó jù nínú ìsọ̀. Kó sì padà wá kí wọ́n tún un wò.

"Ìyẹn nìkan ni," ni Màmá mi wí lórí fóònù. Ohùn rẹ̀ dà bíi ti ẹni tó ra ọjà tí wọn ò fún un ní èènì.

"Ó tó bẹ́ẹ̀, Màmi."

"Ó tó kẹ̀? Ẹ̀jẹ̀ ríru! Àìsàn tó ń pa èèyàn! Dókítà ẹ tó ní kí o lọ sùn yẹn ló dà bíi tiwa níbí."

Ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan nípa wa. Lọ́dọ̀ wa, tí ara ẹnì kan kò bá yá, ojú máa ń tini láti lọ kí i lọ́wọ́ òfo. Ọsàn lèèyàn á rà, tàbí búrẹ́dì àti mílíìkì. Ṣùgbọ́n nǹkan ti wọ́n, ọ̀nà sì jìn. Láti Mowe tàbí Ibafo dé Ifọ̀ kì í ṣe ibi tí èèyàn kàn ń yà lọ yà bọ̀. Ohun tí gbogbo èèyàn wá ń gbé dání báyìí ni ìmọ̀ràn. Ìmọ̀ràn kò wúwo, kì í bàjẹ́ lọ́nà, inú fóònù ló sì ń gbà wọlé. Ẹnikẹ́ni kò sì lè gbé "ẹ dín iyọ̀ kù" wá, torí dókítà ti gbé ìyẹn wá ṣáájú. Olúkúlùkù gbọ́dọ̀ mú tirẹ̀ tó yàtọ̀ wá, kí ó lè hàn pé òun náà wá kí aláìsàn.

Màmá mi kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ohun tí àlejò gbé wá. Òun ló kọ́ wa pé ọwọ́ méjèèjì la fi ń gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà. Ìyá Sàlámì gbé omi ilá wá, ó ní kó máa mu ún kí ó tó kírun Àsùbáà. Àǹtí Sìkírá, àbúrò Màmá mi tó ń gbé ní Ibafo, ní ìrẹsì kò dáa, iṣu kò dáa, búrẹ́dì ló tiẹ̀ burú jù. Ìyàwó Múfú ní oúnjẹ kò gbọdọ̀ wọ ẹnu rẹ̀ mọ́ lẹ́yìn ìrun Alaásárì. Télọ̀ kan tó wá ra síìpù ní aáyù tútù ni kó máa rún. Òmíràn fi fídíò ọkùnrin kan tó wọ aṣọ funfun ránṣẹ́ lórí Wásáàpù, ó ní gbígbóná ni kó máa mu omi, lórí ìjókòó, tí kò bá fẹ́ kí omi náà di májèlé. Láràárọ̀ ni Màmá mi ń ro gbogbo rẹ̀ fún mi tìyìn-tìyìn, bí ẹni tó ń ka orúkọ àwọn tó wá bá a ṣe ìkómọ.

"Kí lẹ wá jẹ lónìí, Màmi?"

"Kùkúḿbà."

"Lánàá ńkọ́?"

"Kùkúḿbà náà ni. Àjẹkù ẹ̀ ni mo jẹ láàárọ̀ yìí."

"Oògùn tí dókítà fún yín ńkọ́?"

Ó wúkọ́. Mo mọ ikọ́ yẹn. "Ìyá Sàlámì ní kò dáa kéèyàn pa ti òyìnbó pọ̀ mọ́ ti ìbílẹ̀. Ó ní kí n jẹ́ kí omi ilá ṣiṣẹ́ ná."

"Ẹ ti dá oògùn dúró?"

"Mi ò dá a dúró. Mo kàn gbé e sílẹ̀ ni."

Inú bí mi, mo sì sọ̀rọ̀ tó le díẹ̀. Mo ní ṣé gbogbo ayé ni yóò máa tọ́jú rẹ̀ ni, ṣé dókítà tó kàwé kò mọ̀ ju télọ̀ tó wá ra síìpù lọ. Màmá mi jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán.

"Ìwọ ò sí níbí," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. "Múfú ń wá tí àyè bá gbà á. Àwọn tí ò ń bú yìí, àwọn ló ń wọlé wá bá mi. Tí mo bá ní mi ò fẹ́ omi ilá, ṣé Ìyá Sàlámì á tún yà wá lọ́la?"

Ó dùn mí wọra, nítorí òótọ́ ni. Mo ti ń rò pé èmi nìkan ni ilé dákẹ́ mọ́ lórí.

Ẹ má rò pé àwọn òyìnbó gbọ́n jù wá lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní yàrá tí a ti ń jẹun níbi iṣẹ́ wa, àwòrán kan wà lára ògiri tó sọ ohun tó yẹ kéèyàn máa jẹ: ẹ̀fọ́, èso, ẹ̀wà, omi. Ọmọdé lè lóye rẹ̀. Abẹ́ àwòrán yẹn gan-an ni wọ́n ti ń yọ ara wọn lẹ́nu. Ọ̀kan kì í jẹ búrẹ́dì, èkejì kì í jẹ ohunkóhun tí aago fóònù rẹ̀ kò bá tíì dún. Líńdà tí a jọ ń gbé àwọn arúgbó dìde lórí bẹ́ẹ̀dì ń mu omi ewé kan tó rí bí omi inú gọ́tà tí èéhù ti bò, ó sì ń gbé imú sókè bó ṣe ń mu ún. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé kí ló dé tí kò kàn jẹ ẹ̀fọ́. Ó ní àrùn ọkàn ló pa ìyá òun, òun kò sì fẹ́ kú bíi tirẹ̀. Ó sọ ọ́ láìrẹ́rìn-ín.

Ọ̀rọ̀ náà bá mi dé inú bọ́ọ̀sì. Ẹ̀rù ló ń bà wá. Tí ẹ̀rù ńlá bá ń ba èèyàn, tí wọ́n wá fún un ní nǹkan kékeré pé kó fi bo ara, á dà bí ẹni pé wọn kò gbọ́ ohun tó sọ. Ohun tó le ni ọkàn wa ń bèèrè, èyí tó korò, tó ní àkókò tirẹ̀, tí a lè sọ fún aládùúgbò. Kí èèyàn jẹ iyọ̀ díẹ̀ lónìí, kó jẹ díẹ̀ lọ́la, kò sí ìtàn kankan nínú rẹ̀, kò sì sí ẹni tó máa pàtẹ́wọ́. Iṣẹ́ tí kò lópin ni, bẹ́ẹ̀ ló sì rí bí ohun tí kò tó nǹkan.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo pe Màmá mi, kò gbé e. Mo tún un pè. Ìyá Sàlámì ló gbé e.

"Ọmọ mi, má fòyà o."

Ẹnikẹ́ni tó bá ń gbé lókè òkun mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣáájú ìròyìn ayọ̀. Ó ní Màmá mi ń na ọwọ́ mú síìpù lórí pẹpẹ fún oníbàárà ni, ló bá dákú lulẹ̀. Wọ́n ti pe Múfú, ó ti ń bọ̀ láti Mowe. Mo gbọ́ ariwo àwọn obìnrin lẹ́yìn rẹ̀, ẹnì kan ń pè fún omi, ẹlòmíràn ní kí wọ́n má fún un lómi. Wọ́n pa fóònù.

Mo wọ bàtà. Mo wọ kóòtù. Mo mú kọ́kọ́rọ́, mo sì dúró sẹ́nu ọ̀nà. Níbo ni mo fẹ́ lọ? Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn títí fóònù tún fi dún.

"Àǹtí mi, ó ti lajú," Múfú wí. "BP rẹ̀ lọ sókè gan-an, dókítà ní ebi náà ń pa á. Wọ́n ní ọpẹ́lọpẹ́ pé a tètè dé."

"Kí ni dókítà ní ká ṣe?"

"Ohun kan náà ló tún sọ o. Oògùn, iyọ̀, kó máa rìn, kó máa jẹun. Kò fi nǹkan kan kún un." Ohùn tirẹ̀ náà dà bíi ti ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún, mo sì rẹ́rìn-ín díẹ̀ pẹ̀lú.

Mo rò ó dáadáa kí n tó pe gbogbo wọn pọ̀ lórí Wásáàpù lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Mo mọ̀ pé tí mo bá ní kí wọ́n dákẹ́, wọn kò ní dákẹ́, wọ́n á kàn máa sọ ọ́ lẹ́yìn mi. Àǹtí Sìkírá tiẹ̀ ti gbaradì dè mí.

"Ṣé kí a wá máa wo ẹ̀gbọ́n mi níran ni? Ìwọ tó o ti di òyìnbó?"

"Rárá o, Àǹtí. Mo fẹ́ bẹ̀ yín níṣẹ́ ni. Ta ló mọ ọbẹ̀ sè tó yín nínú ẹbí wa?"

Ohùn rẹ̀ rọ̀. Àǹtí mi fẹ́ràn ìyìn, kò sì fi pamọ́.

Mo ní kó bá mi máa gún ata gbígbẹ pẹ̀lú irú tí kò níyọ̀, èyí tí ọbẹ̀ fi máa ń ta sánsán láìsí mágí, kó máa fi rán ẹni tó bá ń lọ sí Ifọ̀. Mo bẹ Ìyá Sàlámì pé tí wọ́n bá ti kírun Alaásárì tán, kó máa mú Màmá mi rìn dé ojú irin réluwé, kí wọ́n sì máa bọ̀. Mo ní Màmá mi kò lè dá a rìn, mo sì mọ̀ pé òun náà kò ní fẹ́ dá jókòó. Múfú ni yóò máa ra oògùn, tí yóò sì máa gbé Màmá lọ fún àyẹ̀wò. Ìyàwó rẹ̀ ni yóò máa pè nírọ̀lẹ́ láti bèèrè ohun tí Màmá jẹ. Kò sẹ́ni tí ọwọ́ rẹ̀ ṣófo.

"Tí ẹlòmíì bá wá mú ìmọ̀ràn wá ńkọ́?" ni Màmá mi bèèrè láti orí bẹ́ẹ̀dì. Ohùn rẹ̀ kò tíì lágbára.

"Ẹ ní ọmọ yín tó wà nílùú Ọba ló ń bójú tó o. Ẹ fún wọn ní nọ́ńbà mi."

Báyìí ni mo ṣe di ẹni tí gbogbo Ifọ̀ ń fi ìmọ̀ràn ránṣẹ́ sí. Ewé, gbòǹgbò, fídíò, àdúrà, ohùn gígùn àwọn obìnrin tí mi ò rí rí, gbogbo rẹ̀ ń bọ́ sínú fóònù mi. Mo ń dá olúkúlùkù lóhùn: ẹ ṣé gan-an ni, mà, mo ti rí i, Ọlọ́run á san án fún yín. Mo sì ń fi tọkàntọkàn sọ ọ́, nítorí ìfẹ́ ni wọ́n gbé wá, èmi ni mo bá Màmá mi gbà á. Nínú bọ́ọ̀sì tí kò sẹ́ni tó ń kí ẹnikẹ́ni, mo wá di ẹni tí gbogbo ayé ń kí.

Iṣẹ́ tí mo yàn fún ara mi ni ìpè àárọ̀, ṣùgbọ́n fídíò ni báyìí. Màmá mi á gbé oògùn sórí ahọ́n níwájú mi, á mu omi.

"Ẹ ya ẹnu, Màmi."

"Ṣé ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ni mí ni?"

"Ẹ gbé ahọ́n sókè."

"Èmi tí mo bí ẹ!" Á bú mi, á sì gbé e sókè.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó ní ọbẹ̀ náà kò ní orúkọ. Nígbà tó ṣe, ó ní ata Àǹtí Sìkírá ti ń ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà, ó jẹun nílé ẹnì kan, ó ní iyọ̀ wọn pọ̀ jù, mo sì pariwo nínú kíṣìnì débi pé ẹni tó wà ní yàrá kejì kan ilẹ̀kùn láti bèèrè bóyá kò sí wàhálà. Ìgbà yẹn ni mo mọ orúkọ rẹ̀.

Wọ́n tún un wò, wọ́n tún un wò, títí dókítà fi ní gbogbo rẹ̀ ti wálẹ̀ síbi tó yẹ. Òòyì lọ. Ojú rẹ̀ kún padà. Ó ń na ọwọ́ mú síìpù lórí pẹpẹ fúnra rẹ̀, ó sì ń bá Ìyá Sàlámì jà lójú irin nípa ẹni tó yára ju ẹnì kejì lọ. Mo máa ń bẹ̀rù tẹ́lẹ̀ pé lọ́jọ́ kan n ó di ohùn kan lásán tí wọ́n ń gbé sétí láàárọ̀, tí wọ́n sì ń gbàgbé kí ọjà tó tú. Mi ò bẹ̀rù bẹ́ẹ̀ mọ́. Mo ní iṣẹ́ nínú ilé yẹn, kò sì sẹ́ni tó lè bá mi ṣe é.

Láìpẹ́ yìí ni Àǹtí Sìkírá pè mí. Ó kí mi, ó kí mi kú iṣẹ́, ó kí mi kú òtútù, mo sì mọ̀ pé nǹkan ń bọ̀ lẹ́yìn.

"Ara ẹ̀gbọ́n mi ti dá ṣáṣá o. Jọ̀ọ́, èyí tó o fi ránṣẹ́ sí i yẹn, fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí èmi náà. BP ti ń yọ mí lẹ́nu."

"Èwo, Àǹtí?"

"Oògùn òyìnbó yẹn. Gbogbo Ifọ̀ ló ti mọ̀. Ìyá Sàlámì náà ń wá a."

"Àǹtí, mi ò fi oògùn kankan ránṣẹ́. Iyọ̀ ló dín kù. Ata tí ẹ̀yin fúnra yín gún ló ń jẹ. Oògùn tí dókítà fún un ní Ifọ̀ ló ń lò láràárọ̀, ó sì ń rìn. Ẹ̀yin náà ẹ lọ rí dókítà, Àǹtí. Ẹ lọ lọ́la."

Àǹtí mi pòṣé. "Ó dáa," ó ní, ó ti bínú. "Tó ò bá fẹ́ sọ ọ́, kò burú."

Mo ní kí Múfú bá mi gbé e lọ sílé ìwòsàn tipátipá, ó sì ṣe é. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo pe Màmá mi.

"Màmi, kí lẹ sọ fún àwọn èèyàn yìí?"

"Wọ́n bi mí léèrè ohun tí mo lò. Mo ní mo dín iyọ̀ kù, mo ń lo oògùn mi. Wọ́n ní irọ́ ni, ó gbọ́dọ̀ ju ìyẹn lọ. Mo bá rò ó dáadáa, mo rí i pé lóòótọ́, ó ju ìyẹn lọ."

"Ó ju ìyẹn lọ báwo?"

"Mo ní ọmọ mi ló ń fi nǹkan ránṣẹ́ sí mi láràárọ̀ láti ìlú Ọba." Ó gbé oògùn sórí ahọ́n, ó mu omi, ó sì ya ẹnu fún mi láìjẹ́ pé mo sọ fún un. "Ṣé irọ́ ni mo pa?"